Ọ̀rọ̀ Kan Tí Rídúwánù Kò Béèrè

Gbólóhùn méjì wà tí ẹnu Rídúwánù ọmọ Sùlìámọ́nù kò lè sọ. Èkíní ni "mi ò mọ̀." Èkejì ni "èmi ni mo ṣe é." Bí àwo bá fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwo ló ń yọ̀. Bí ó bá kùnà nínú ìdánwò, olùkọ́ ni kò mọ̀ ọ́n kọ́.

Ìbàdàn ló dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Kò tíì ju ọdún méjì lọ tó dé Lomé, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní Agbalépédogan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ló wọ̀, Faransé rẹ̀ kò sì ju bonjour àti ça va lọ. Ṣùgbọ́n kò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sọ Faransé, a máa mi orí. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, a bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kì í parọ́. Bọ́ọ̀lù mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi í ṣe kápútẹ́ẹ̀nì ẹgbẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, wọ́n sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà nínú ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Lomé láìsí ẹni tó borí wọn. Ife ìdíje náà kò wọ ilé ẹ̀kọ́ wọn rí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti ní kí kápẹ́ńtà ṣe àpótí onígíláàsì sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì dè é.

Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹfà ni Rídúwánù bá rẹfirí jiyàn, ó sì gba káàdì yẹ́lò kejì. Òfin ni pé kò gbọ́dọ̀ gbá èyí tó kàn, èyí tó ṣáájú àṣekágbá. "Rẹfirí yẹn kórìíra mi ni," ló wí. Marc, kóòṣì wọn, ti lọ sìnkú ní Kútọnu, kápútẹ́ẹ̀nì ló sì máa kó ẹgbẹ́ jáde. Ni ó bá gba ilé Mùíbì lọ.

Agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ wọn ni Mùíbì, gíga kan náà, orí fífá kan náà. Ibà ti dá a dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

"Mùíbì, yá mi ní lisansi rẹ," ni Rídúwánù wí. Lisansi yìí ni káàdì oní-fọ́tò tí wọ́n ń yẹ̀ wò kí agbábọ́ọ̀lù tó wọ pápá.

"Kápútẹ́ẹ̀nì, tí wọ́n bá mú wa ńkọ́?"

"Ta ni yóò mú wa? Ìyá tó bí ọ gan-an, ṣé kì í fi orúkọ mi pè ọ́ ni?"

"Ìyẹn bí wọn ò bá lo gíláàsì ojú wọn."

"Ẹni tó ń yẹ káàdì wò náà kì í lò ó. Mú un wá jàre."

Mùíbì kò fẹ́, ṣùgbọ́n ó fún un. Rídúwánù fi orúkọ Mùíbì wọ pápá, ó sì gbá gólù kan ṣoṣo tó gbé wọn dé àṣekágbá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, wọ́n panu mọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Rídúwánù kò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àṣekágbá ku ọjọ́ méjì, ìwé péńpé kan dé ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Madáàmù Gisèle, akọ̀wé ìdíje náà, ló ti wá: "Match reporté. Passez au bureau."

Rídúwánù mọ bureau, ọ́fíìsì ni. Ó tún wo reporté. Ní Ìbàdàn, bí wọ́n bá ripọ́ọ̀tù ènìyàn, wọ́n ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn nìyẹn.

Fàdílátù, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n bí sí Lomé, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n kọ? Ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á."

"Mo ti kà á. Àbí o rò pé mi ò gbọ́ Faransé?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ojú yín ló sọ ọ́."

Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Rídúwánù kò béèrè. Ó gun alùpùpù, gbogbo ọ̀nà ló sì fi ń ro ẹni tí yóò di ẹ̀bi náà rù.

Ará Kétu ni ìyá Madáàmù Gisèle, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Rídúwánù kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. "Madáàmù, kì í ṣe èmi o. Mùíbì ló fún mi ní lisansi rẹ̀ kí n fi gbá bọ́ọ̀lù. Òun ni kí ẹ fìyà jẹ, ẹ jẹ́ kí àwa gbá àṣekágbá."

Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. "Lisansi wo?"

"Èyí tí wọ́n torí ẹ̀ ripọ́ọ̀tù wa."

Ó wò ó títí. "Kò sẹ́ni tó fẹjọ́ yín sùn. Reporté ni mo kọ. A sún un síwájú ni. Òjò ti sọ pápá di ẹrẹ̀. Ìwé ọjọ́ tuntun ni mo ní kí o wá gbà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Rídúwánù fẹ́ sọ pé àwàdà lòun ń ṣe, ṣùgbọ́n Madáàmù Gisèle ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìdíje gba ìṣẹ́gun náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi ẹgbẹ́ tí wọ́n borí rọ́pò wọn ní àṣekágbá. Wọ́n ní Mùíbì kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún oṣù mẹ́ta. Rídúwánù kò gbọ́dọ̀ gbá a mọ́ títí yóò fi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Nígbà tí Marc dé, ó kó gbogbo wọn jọ. Mùíbì kò pariwo. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Kápútẹ́ẹ̀nì, o ní ta ni yóò mú wa."

Marc bi Rídúwánù pé, "Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni mo ṣe é."

"Kí ni reporté?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà náà."

Ó sọ gbólóhùn méjèèjì níjọ́ kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí wọn kò wúlò fún un mọ́. Àpótí onígíláàsì náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ mú èyí dání: ìtìjú ìbéèrè kì í pẹ́ lójú, ti àìmọ̀ ló ń bá ènìyàn dàgbà. Àgbàlagbà tó fẹ́ mọ̀wé a máa béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò sì dín in kù. Ẹni tó bá sì ṣe àṣìṣe, kó jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ẹ̀bi tí a dì ru ẹlòmíràn, ilé ẹni tó ni ín ló ń padà sí, a sì máa bá gbogbo ará ilé níbẹ̀.