Nọ́mbà Ọmọ Àbíkẹ́

Ọjọ́ kẹjọ pé, Àbíkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ wá kí wọ́n lè fín nọ́mbà sí i lọ́wọ́. Mílíọ̀nù kan àti ẹyọ kan ni nọ́mbà náà, òun ni yóò sì máa ti ilẹ̀kùn àti àpò owó ọmọ náà.

"Bọ̀dá Làmídì, gbogbo àdúgbò ló ń jowú wa o!"

Làmídì tó dán nọ́mbà náà wò ò lè gbójú sókè. Bí nọ́mbà bá ṣeé pín, olè tó bá mọ ohun tó pín in ni yóò máa ṣílẹ̀kùn ọmọ náà títí ayé. Ó yẹ kó fi nọ́mbà kọ̀ọ̀kan pín in wò dé orí ẹgbẹ̀rún. Ebi pa á lọ́jọ́ tó ń ṣe é, ó dúró lórí ọgọ́rùn-ún, ó sì bu ọwọ́ lù ú. Láàárọ̀ yìí ló tó gbìyànjú ẹyọ kan péré sí i. Ọ̀kan lé lọ́gọ́rùn-ún pín in láìṣẹ́kù.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fín nọ́mbà ti ń kùn bọ̀. Làmídì sáré fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ti ọmọ náà, abẹ́rẹ́ sì gún un.

"Ẹ má fín in! Èmi ni mo da eérú, ọmọ yìí ni eérú fẹ́ tọ̀. Mi ò dán an wò tán... mo lọ jẹun."

Àbíkẹ́ gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Oúnjẹ, Bọ̀dá?"