Sìgá Tí Ẹ̀gbọ́n Kó Sábẹ́ Ìjókòó Àbúrò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má kàn wo àkọlé kí ẹ kọjá o. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gun alùpùpù kọjá bodè. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò sì ní fi bò.

1.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń tún alùpùpù ṣe, Ọ̀gá Sípánà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá ti di nọ́ọ̀tì kan tán, á fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín sí i lórí, kí ojú lè tètè rí i tó bá fẹ́ tú.

Àbúrò ń fi alùpùpù gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe òun, torí kì í sáré àsápajúdé. Òfin ibi iṣẹ́ rẹ̀ le: ẹni tó bá ti ní ẹjọ́ fàyàwọ́ lọ́rùn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpótí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rí àléébù kan lára rẹ̀.

Nígbà tó gba ìsinmi, àwọn méjèèjì gun alùpùpù wọn lọ sí orílẹ̀-èdè kejì. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi rìn, wọ́n sì gbádùn ara wọn dọ́ba.

2.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n yà sí ìsọ̀ ńlá kan ní bodè, tí wọn kì í ti gba owó bodè lórí ọjà. Wọ́n kọ òfin sára ògiri gàdàgbà: páálí sìgá kan, ìgò ọtí kan, ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé kọjá bodè. Jẹ́jẹ́ ra ìpara fún ìyá wọn, ó ra ṣokoléètì fún ọmọ rẹ̀, ó parí.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ alùpùpù mi wò. Nǹkan kan ń mì lẹ́yìn níbẹ̀."

"Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Máa lọ jẹun."

Ojú kòkòrò burú o! Páálí sìgá mẹ́sàn-án ni Ọ̀gá Sípánà rà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń mu sìgá nínú àwọn méjèèjì. Ó fẹ́ lọ tà á nílé ni. Ó tú ìjókòó àbúrò rẹ̀, ó tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó tú páálí sí wẹ́wẹ́, ó sì ki sìgá sí gbogbo kọ̀rọ̀. Kí ló dé tí kò kó o sínú tirẹ̀? Torí ó mọ̀ pé ojú Jẹ́jẹ́ kì í ṣe ojú ẹni tí aṣọ́bodè máa ń fura sí. Ó dì í padà tán, ló bá tún mú ọ̀dà funfun, ó fa ìlà sórí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbà mí! Ẹni tó ń ṣe fàyàwọ́ lọ́wọ́, ó tún ń ṣe fínnífínní.

3.

Obìnrin aṣọ́bodè kan ló dá wọn dúró.

"Kí lẹ rà?"

"Ìpara àti ṣokoléètì ni, mà."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó. Ọ̀dà funfun lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ọ̀dà yìí ò tíì gbẹ. Kí lẹ tú lónìí?"

Wọ́n ṣí i, sìgá bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ wo sìgá, ó wo ìlà funfun yẹn. Ó mọ ẹni tó ń fa irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ sọ fún wọn."

"Ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀?" Aṣọ́bodè ló bi Ọ̀gá Sípánà bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà ń nu akoto rẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n o. Ẹrù oníkálukú ló wà lórí alùpùpù oníkálukú."

"Bùrọ̀dá! Iṣẹ́ mi ni o! Iṣẹ́ mi ló máa lọ!"

Ọ̀gá Sípánà dé akoto, ó tan alùpùpù rẹ̀, ó sì lọ. Ọmọ ìyá ẹ̀ o! Ó fi í sílẹ̀ láàárín àwọn aṣọ́bodè.

4.

Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé alùpùpù Jẹ́jẹ́, wọ́n pè é lẹ́jọ́, ibi iṣẹ́ sì ní kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Sípánà ni wọ́n ti ń tún tiwọn ṣe, torí Jẹ́jẹ́ ló mú wọn lọ. Wọ́n gbọ́ ohun tó ṣe fún Jẹ́jẹ́. Wọ́n wá kó alùpùpù wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ sí i lójú: "Tẹ́ ẹ bá lè kó irú ẹ̀ sábẹ́ ìdí àbúrò yín, kí lẹ ò ní kó sábẹ́ tèmi?" Kò pé oṣù mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ìgbà yẹn ló tó wá. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò nínú pálọ̀, ó ń sunkún.

"Àbúrò mi, dárí jì mí."

"Ẹ dìde, Bùrọ̀dá. Ọ̀la ni wọ́n máa parí ẹjọ́ mi. Ẹ bá mi lọ, kí ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ kó o síbẹ̀. Màá rí iṣẹ́ mi gbà padà."

"Wọ́n á tì mí mọ́lé."

"Èmi ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde. Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ nìkan ló dúró níwájú adájọ́, ẹjọ́ fàyàwọ́ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lórúkọ títí ayé.

Ìkìlọ̀ mi rèé. Ẹ tú ẹrù yín wò fúnra yín kí ẹ tó dé bodè, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín ló bá yín dì í. Ìwọ tó o sì ti ṣe irú ẹ̀ fún èèyàn rẹ, a ò fẹ́ ẹkún rẹ. Má wá kúnlẹ̀ ní pálọ̀ ẹnì kankan. Lọ sọ òtítọ́ níwájú adájọ́.