Àìsàn Ọkàn Nílé Bàbá Mọ́láyọ̀

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí mo ń kérora lórí ẹní nílé wa l'Ómù-Àrán.

Ògúnyẹmí oníṣègùn ti kìlọ̀ fún mi: ọkàn ti rẹ̀, ẹsẹ̀ ti ń wú. Iyọ̀ dèèwọ̀, ẹrù rírù dèèwọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ikú ni.

Àmọ̀pé ìyàwó mi kò lọ oko mọ́, kò lọ odò. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́.

"Bàbá Mọ́láyọ̀, ẹ jẹun."

"Ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀."

"Tèmi náà ò níyọ̀. Ṣé olùtọ́jú máa ń jẹ ohun tó jẹ́ èèwọ̀ aláìsàn ni?"

Mo tún kérora, kíkankíkan.

Ògúnyẹmí wọlé. Ó fò mí dá.

Ẹsẹ̀ Àmọ̀pé ló fìka tẹ̀.

"Wíwú ẹsẹ̀ yìí ti ń lọ sílẹ̀," ló wí. "Wàá yè é, Àmọ̀pé."

Àmọ̀pé yíjú sí mi. "Èmi ni mò ń ṣàìsàn?"

"Ìwọ ni. Ká ní mo sọ fún ọ ni, oko lò bá tún gbà lọ."

Kò bínú. Ó kàn na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ẹní mi.

"Ó yá, ẹ dìde. Omi ti tán nínú àmù."