Ìwé Tí Wọ́n Sin ní Odomèta

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò bù mọ́ ọn. Ẹni tó bá pè é nírọ́, kó wọ mótò lọ sí Odomèta, kó béèrè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ọmọdé kì í gun orí ẹ̀.

Barnabé ni wọ́n ń pè ní Bàbá Olùkọ́. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Kétu, ó padà sábúlé pẹ̀lú àìsàn ọkàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìjọsìn, ó máa ń kọ́ àwọn tó bá dúró ní Ìwé Mímọ́, àti bí àwọn Júù ayé àtijọ́ ṣe ń gbé. Ó ní ẹni tí kò mọ irú ilé tí Jésù ti dàgbà kò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni àpò ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Judicaël, dé láti Agadez, ìlú etí aṣálẹ̀. Àpò nìkan. Aṣálẹ̀ ló kú sí. Àwọn tí wọ́n jọ ń rìn bò ó síbi kan nínú iyanrìn, wọn kò lè tọ́ka ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀wù búlúù kan wà nínú àpò náà. Ìyá rẹ̀, Sidonie, tó jẹ́ aránṣọ, ló rán an, ó sì fi òwú funfun kọ orúkọ ọmọ náà sí ọrùn ẹ̀wù náà.

Léontine, ẹ̀gbọ́n Barnabé obìnrin, ló mú ọ̀rọ̀ ẹbí wá. Lọ́dọ̀ tiwọn, bàbá àti ìyá kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ wọn, wọn kì í sì í dúró létí ibojì rẹ̀. Ohun tí ọmọ bá fi sílẹ̀ lọ́nà àjò, jíjó ni wọ́n ń jó o.

"Gbé e lọ sóko, kí o dáná sun ún," Léontine wí. "Kí Sidonie má mọ ibẹ̀."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Nígbà tó padà dé láti oko, èéfín ń rùn lára aṣọ rẹ̀. Sidonie kò bi í ní nǹkan kan. Kò sí ìsìnkú. Sidonie tó máa ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì kò dá orin mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ka ibi tí Jésù ti dìde kàwé ní sínágọ́gù Násárẹ́tì. Barnabé ní awọ ẹran ni ìwé ọ̀hún, wọ́n ká a bí ẹní. Estelle, nọ́ọ̀sì abúlé, béèrè pé ìwé yẹn dà lónìí.

"Bó bá gbó, wọ́n á sin ín," Barnabé dáhùn. "Ohun tí Orúkọ Ọlọ́run bá wà lára rẹ̀, Júù kì í jó o. Nígbà mìíràn, bí amòye kan bá kú, wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Amòye wo la máa rí lábúlé yìí, Bàbá? Àfi ká lọ yá ọ̀kan ní Pobè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Barnabé ń wo Bíbélì ńlá orí àga ìwàásù. Òjò ti wọ̀ ọ́, ikán ti jẹ etí rẹ̀, Pásítọ̀ Cyriaque sì ti kà á mọ́ àwọn bébà tí wọ́n máa jó.

"Ẹ jẹ́ ká sin ín, Pásítọ̀."

"Bàbá, àwa kì í ṣe Júù."

"Jésù ńkọ́?"

Pásítọ̀ họ orí. "Ẹ sin ín. Ẹ ṣáà má ní ká pa ewúrẹ́."

Barnabé gbé Bíbélì náà lọ bá Ràmọ́nù gbẹ́nàgbẹ́nà. Ràmọ́nù fi ọwọ́ wọn ìwé, ó wọn pákó.

"Àpótí tí ẹ sọ yìí tóbi jù ú lọ, Bàbá."

"Mi ò fẹ́ kó ká níbì kankan."

"Ó dáa. Àwa náà kì í jó Kùránì tó bá gbó."

"Mo mọ̀. Òun ni mo ṣe wá bá ọ."

Inú ṣọ́ọ̀bù ni àwọn méjèèjì ti kan án pa.

Lọ́jọ́ ìsìnkú ìwé, Léontine pàápàá wá. Pásítọ̀ gbé orí àpótí kan, Barnabé gbé ìkejì.

"Ó mà fúyẹ́," Pásítọ̀ wí. "Ikán yìí ti ka Bíbélì jù mí lọ."

Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Barnabé pe ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí i."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Ìwọ lo máa ń nu eruku ara ẹ̀."

Sidonie bu yẹ̀pẹ̀. Ó la ẹnu, orin jáde. Kò parí rẹ̀ tó fi kúnlẹ̀, tó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

"Torí ìwé?" Léontine wí.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Mama," Estelle dá a lóhùn.

Àwọn èèyàn túká. Wọ́n gbé àga wá fún Barnabé létí kòtò nínú oòrùn, kò jókòó.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ọkàn rẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Sidonie ń fi omi tútù pa á lára.

"Bàbá Judicaël, ṣé ó ń dùn yín?"

"Mo dúró tì í títí wọ́n fi bò ó."

"Ìwé náà wà níbi tó dáa," ni Sidonie fi tù ú nínú. Barnabé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kó tó di ọ̀sán, ó kú.

Wọ́n fẹ́ gbé e lọ wẹ̀. Sidonie gbé ìrọ̀rí rẹ̀ kúrò, Bíbélì ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lábẹ́ rẹ̀, bó ṣe wú, bí ikán ṣe jẹ ẹ́. Ó rìn lọ bá Ràmọ́nù, kò tilẹ̀ wọ bàtà.

Ràmọ́nù gbé ohun èlò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀wù ló wà nínú àpótí, Mama. Ẹ̀wù búlúù. A tẹ́ ẹ gbalaja, kò ká níbì kankan."

Sidonie tẹ́ Bíbélì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú pósí, nígbà tí Léontine sì bi í pé kí ni Barnabé sọ kẹ́yìn, ó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ: "Mo dúró tì í títí wọ́n fi bò ó."