Awọ Ara Rẹ̀ Ńkọ́?

"Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yín, sà," ni nọ́ọ̀sì wí fún ọkùnrin tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Rumuodara.

"Ṣebí ìrísí ojú mi lẹ fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ yí padà? Kí ló kan ṣẹ́ẹ̀tì?"

"A fẹ́ wo àpá ara yín ni. Awọ àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí egbò wọn bá jinná tán, ńṣe ni àpá rẹ̀ máa ń wú sókè. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, dókítà ò ní fi abẹ kàn yín lójú."

"Sista, I no get any mark. Abeg, make una start."

Bó ṣe fi pijin sọ ọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì mọ̀ pé òun ti gbọ́ ohùn náà rí. Ó yí lọ sẹ́yìn ọkùnrin náà, ó sì fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ léjìká. Àpá eyín ènìyàn wà léjìká rẹ̀, ó wú gbọ̀ngbọ̀n, ó ń dán.

Eyín nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni. Ní Choba, lọ́jọ́ tí àwọn adigunjalè ká wọn mọ́lé, èyí tó yìnbọn pa ọkọ rẹ̀ daṣọ bojú. Òun ló fò mọ́ ọn, tó gé e jẹ léjìká títí ẹ̀jẹ̀ fi dà.

Nọ́ọ̀sì fa aṣọ bo èjìká náà títí dé ọrùn. Dókítà Fọláhànmí wọlé, ó ń nu ọwọ́.

"Nọ́ọ̀sì, awọ ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó dáa, sà," ni nọ́ọ̀sì dáhùn, ó sì gbé abẹ fún un. "Àpá rẹ̀ kì í wú rárá."