Òǹtẹ̀ Lára Àgbélébùú

"Ẹ so ó le dáadáa, ó ṣì ń mì!" Kólìn pàṣẹ.

Kólìn àti lébìrà mẹ́ta, nínú aṣọ ọmọ-ogun Róòmù, so ọ̀gá wọn tó ń ta pákó mọ́ àgbélébùú, wọ́n gbé e nàró. Òun ni Jésù nínú eré àtijọ́ tí àwọn ará ìlú Yọ́ọ̀kì sọ jí. Ó yíjú, ó rí òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lára igi tí Kólìn fi ṣe àgbélébùú náà. Ìtì igi rẹ̀ tí wọ́n jí lóṣù tó kọjá!

"Kólìn, olè!" ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tú mi, kí n fi ọlọ́pàá kó yín!"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ló kàn láti sọ̀rọ̀. Èrò ń retí."

Ó fi gbogbo agbára jà, okùn ò tú.

"Baba," ó kígbe tìbínú-tìbínú, "dárí jì wọ́n!"

Kólìn ṣí àṣíborí, ó kọjú sérò.

"Ẹlẹ́rìí wa ni yín o!"