Ìràwọ̀ Tí Kò Sí Níbẹ̀ Lánàá

Agbẹ̀bí náà tún àwòrán ojú ọ̀run tó wà lórí fóònù rẹ̀ wò.

Ìràwọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ lánàá.

Ọdún méje ló ti ń gbé awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run sí ẹ̀yìnkùlé lóru, tó ń ya fọ́tò àwọn ìràwọ̀ tó jìnnà réré, tí ọkọ rẹ̀ sì ń kùn pé ìyàwó lòun fẹ́, òun ò fẹ́ àdán.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi irú èyí tó ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ létí ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ló rí i.

Àbí eruku ni? Ó nu dígí awò náà. Ó tún ya ìràwọ̀ náà. Kò kúrò níbẹ̀.

Àwọsánmà ti ń bọ̀. Ó yára pe akọ̀wé ẹgbẹ́.

"Mo ti rí ìràwọ̀ tuntun!"

"Ẹ pẹ́ díẹ̀, Mà. Ẹnì kan ti fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ sẹ́yìn."

Ó jókòó gbì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọdún méje!

"Ta ni?"

Akọ̀wé tún un wò. "Ẹ gbọ́ ná. Orúkọ yín mà ló wà níbí."

Fèrèsé pálọ̀ ṣí. Ọkọ rẹ̀ yọjú, ó gbé kọ̀ǹpútà tí àwọn àwòrán náà ń wọlé sí dání.

"Èmi ni. O ń nu dígí, àwọsánmà ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbà á mọ́ ẹ lọ́wọ́."

"Ta ló kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́?"

"Ìwọ náà ni. Gbogbo ìgbà tó o bá ń ṣàlàyé lórí bẹ́ẹ̀dì, o máa ń rò pé mo ti sùn."